Orúkọ Tí Mo Yọ Lórí Ìlà

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Ẹ ní bí ẹ bá tẹ nǹkan lórí fóònù yín, tí ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bébà jáde, èmi a dìde, màá lọ dúró tì í, màá ka bébà náà láti òkè délẹ̀ kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un. Ẹ ní ṣé mo rò pé ẹ̀rọ máa purọ́ ni. Rárá o. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́, ẹni tó sì jókòó síwájú yín yìí ti pa ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ bébà rí. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín kó tó di pé mo gbé e lọ.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí a ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹyin, ilé ìtẹ̀wé kan wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Unix ni wọ́n ń pe ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà náà. Kò ní àwòrán kankan lójú, ọ̀rọ̀ funfun lórí ojú dúdú ni, ohun tí o bá sì pa láṣẹ fún un ló máa ṣe, kò ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o, torí òun ló ba tèmi jẹ́.

Iṣẹ́ wa ni ìwé ìkéde. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú, fìdáù ọjọ́ kẹjọ, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. A ní ẹ̀ka kan ní Ẹ̀pẹ́, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọrílí ń tọ́jú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú ni kọ̀ǹpútà wà, ibẹ̀ náà ni Rónkẹ́ táípíìsì wa wà. Nítorí náà, bí ará Ẹ̀pẹ́ bá ní òkú, á kọ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sínú ìwé, á fún Mọrílí, Mọrílí á sì kó o lé Bàbá Wáídì lọ́wọ́.

Ẹ ò mọ Bàbá Wáídì. Ó dàgbà jù mí lọ, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí ọ̀tún. Àràárọ̀ ló ń wọ mọ́tò láti Ẹ̀pẹ́, àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ abíyá kan, ẹja yíyan tó fi bébà wé lábẹ́ abíyá kejì. Òórùn ẹja yẹn máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kò sí ìwé oníbàárà wa ní Ẹ̀pẹ́ tí òórùn ẹja kì í sí lára rẹ̀, a ò sì rí ẹni tó fi ẹjọ́ sùn. Bó bá dé, á kí wa, á jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ní, “Rónkẹ́, ó yá, kà á.”

Kíkà yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Lẹ́yìn tí Rónkẹ́ bá ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Á kà á sókè, orúkọ kọ̀ọ̀kan, Bàbá Wáídì á sì máa dáhùn. Orúkọ àkọ́kọ́, “Ó ń bẹ.” Orúkọ kejì, “Ó ń bẹ.” “Wàsíù.” “Dúró. Mú Wàsíù lọ sẹ́yìn, Súlíà ló kọ́kọ́ wáyé. Súlíà ló gbé ọmọ yẹn pọ̀n.” Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin náà mọ ilé ní Ẹ̀pẹ́, ó mọ̀ ọ́n ní ìhà Èkó-Ẹ̀pẹ́, ó mọ̀ ọ́n ní ìhà Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ó mọ̀ ọ́n dé Agbówà. Ó mọ ìyàwó tó kọ ọkọ sílẹ̀ àti ọmọ tó gbé lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìwé òkú kì í ṣe ìwé lásán. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ni yóò ṣáájú níbi ogún, ẹni tí wọn ò bá kọ orúkọ tirẹ̀, ìjà ti dé nìyẹn. Bàbá Wáídì máa ń sọ pé òun ò gbé ìwé rí, èèyàn lòun ń gbé.

Èmi a máa wo aago. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, kí ni gbogbo èyí? Wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, ìdajì wákàtí fún kíkà, ẹja yíyan, ìtàn ìyàwó tó kọ ọkọ. Mo rí ara mi bí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní gbogbo Ìkòròdú, ó sì ń hún mí láti fi hàn. Mo bá lọ bá ọ̀gá wa, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní Ẹ̀pẹ́ yẹn, mo lè jókòó síbí kí n máa tẹ̀wé jáde nínú rẹ̀.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé oògùn ni àbí kọ̀ǹpútà?”

Kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìgboyà oògùn. Mo gbé kọ̀ǹpútà àgbà kan wọ mọ́tò, mo gbé e lé itan mi láti Benson títí dé Ẹ̀pẹ́, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo fi eegun ìdí mi kà. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Mọrílí, mo so àpótí kékeré kan mọ́ wáyà tẹlifóònù níbẹ̀, mo so irú rẹ̀ mọ́ ti Ìkòròdú. Bí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Ìkòròdú á tẹ nọ́mbà, ti Ẹ̀pẹ́ á gbé e, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í han síra wọn bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí ariwo yẹn bá dákẹ́ ni ìwọ á mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé. Títí di òní, bí mo bá ń lọ ládùúgbò tí mo gbọ́ ohùn ewúrẹ́, ọwọ́ mi á fẹ́ gbé tẹlifóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a ja. Ìwé kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà náà tí a ti ń kọ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí, ibi tó ń gbé, àti ibi tí iṣẹ́ yóò tò sí lórí ìlà kó tó kàn án. Bí àmì kan bá ṣì nínú ìwé yẹn, o ò ní rí nǹkan kan. Ìwé àkọ́kọ́ tó jáde ní Ẹ̀pẹ́, àtẹ̀gùn ni. Ìlà kìíní bẹ̀rẹ̀ ní apá òsì, ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìkíní parí sí, ìkẹta tún sún lọ sọ́tùn-ún, títí ọ̀rọ̀ fi jábọ́ kúrò lórí bébà. Unix ní tirẹ̀ gbà pé bí ìlà bá tán, kí a sọ̀ kalẹ̀ ti tó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀ fẹ́ kí a tún sọ fún òun pé kí òun padà sí apá òsì. Mọrílí gbé bébà náà sókè, ó ní, “Bàbá, ṣé òkú yìí ń gòkè lọ ọ̀run ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀?” Mo tún un ṣe. Nígbà tí ìlà tò gún, mo jó níbẹ̀, mi ò purọ́, mo jó.

Lẹ́yìn ìyẹn, Rónkẹ́ ṣe èèṣì kan. Ó jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò tọ́. Ẹ̀pẹ́ ni lẹ́tà náà ti jáde. Mọrílí pe wa lórí fóònù, ó ń kà á sókè, níwájú oníbàárà. Rónkẹ́ sunkún, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní atẹ̀lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó tún ní àṣà kí ó máa fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ẹ ṣáà máa gbọ́ mi lọ.

Ọ̀gá pe Bàbá Wáídì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Àwọn orúkọ, Mọrílí á máa kà wọ́n fún Rónkẹ́ lórí fóònù. Èmi ni mo sin ọkùnrin náà dé ojú títì. Kò bínú. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín á mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ṣé ó máa mọ ará Ẹ̀pẹ́?” Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé owú iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tèmi nìkan ló ń pa mí bí ọtí lásìkò yẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí nǹkan fi ń lọ bó ṣe yẹ. Ìgbà náà ni Alàájì Akankọ̀ kú ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn nígbà ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ìṣe Mùsùlùmí, wọ́n sì dá fìdáù sí ọjọ́ kẹjọ. Síkírù, àkọ́bí rẹ̀, mú orúkọ ọmọ mọ́kànlá lọ fún Mọrílí. Mọrílí kà á fún Rónkẹ́, Rónkẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, igba ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n kò sí iná ní Ẹ̀pẹ́. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ní bátìrì tirẹ̀, ó gba iṣẹ́ náà, ó tò ó sórí ìlà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kò lè ṣiṣẹ́. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Bí iná bá dé, iṣẹ́ á jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà rèé o, tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí omi ti dànù. Ọmọ méjìlá ni Alàájì bí. Ìkejìlá ni Rúkáyátù. Oyún rẹ̀ wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà bínú kúrò nílé, Agbówà ló sì bí i sí. Alàájì mọ̀ ọ́n lọ́mọ, òun ló rán an níléèwé, òun ló gba ẹrù ìyàwó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń yọ Síkírù lẹ́nu títí ó fi fo orúkọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó jókòó. Ó lọ sí Agbówà, ó bá àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń sá gààrí, ó bẹ̀ ẹ́. Níwájú rẹ̀ níbẹ̀ ló ti yọ fóònù jáde, tó pe ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú tààrà. Rónkẹ́ ló gbé e, èmi ti lọ sílé. Ó ní, “Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Rúkáyátù sí i, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó wà níwájú mi báyìí, òun náà ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ.” Rónkẹ́ tún iṣẹ́ ṣe, ó fi tuntun ránṣẹ́, ó tò sẹ́yìn ti àkọ́kọ́ lórí ìlà Ẹ̀pẹ́. Orúkọ tó wà lórí iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Lẹ́yìn náà ló yára pa ilẹ̀kùn dé, ó sáré lọ ilé wọn ní Ìgbògbò, torí ọjọ́ kejì ni Orò máa jáde ní Ìkòròdú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà síbí mọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Orò, obìnrin ò gbọdọ̀ rí ìta. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì, Benson á dákẹ́ débi pé wàá gbọ́ ẹsẹ̀ adìẹ lórí páànù. Èmi nìkan ni mo wá sí ọ́fíìsì, mo ṣí ilẹ̀kùn ní ìdajì, inú mi sì ń dùn pé mo rí ibi tó dákẹ́ jókòó sí. Ọ̀sán ni fóònù dún. Mọrílí ni. Wọn kì í ṣe Orò tiwa ní Ẹ̀pẹ́, òun ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

“Bàbá, iná ti dé o. Ìwé fìdáù Alàájì ló fẹ́ máa jáde, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń rí i, igba, igba. Bébà tó wà lọ́wọ́ mi ò tó irinwó. Àwọn ọmọ olóògbé sì ti dúró sí mi lórí.”

Mo ní, “Dúró.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo pe Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àwọn ewúrẹ́ han, wọ́n dákẹ́. Mo ní kó fi ìlà hàn mí. Iṣẹ́ méjì, orúkọ kan náà, igba, igba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni nọ́mbà tó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó wà. Nọ́mbà iṣẹ́ kejì fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bàbá yín ò rí i. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́mbà wọn ò lè yàtọ̀. Mo kọ́ ìyẹn fún àwọn èèyàn nílé iṣẹ́ Èkó fún ọdún pípẹ́. Bí mo bá fẹ́, mo lè pe Mọrílí kí ó tẹ ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kà á fún mi. Mo lè ní kí wọ́n ní sùúrù títí ọjọ́ kejì tí Rónkẹ́ á fi jáde nílé. Ohun tí mo sọ nìyí: “Atẹ̀lẹ́ẹ̀mejì tún ti ṣe é.” Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín. Mo pàṣẹ kí ó yọ èyí tó wà lẹ́yìn. Unix kò bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mọrílí tẹ igba ìwé, àwọn ọmọ ìyàwó kejì Alàájì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ẹ̀pẹ́ dé Agbówà, orúkọ mọ́kànlá.

Rúkáyátù rí i lára ògiri lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ síbi fìdáù. Síbẹ̀ ó lọ. Ó wọ aṣọ funfun, ó ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ nínú àkàrà sàráà. Nígbà tí àfáà ní kí àwọn ọmọ olóògbé jáde fún àdúrà, ẹni tó ń pe orúkọ mú ìwé wa yẹn lọ́wọ́, ó ń pè wọ́n láti ibẹ̀. Ó pe mọ́kànlá, ó pa ìwé dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sọ ọ́ sókè pé, “Ìwé ti sọ̀rọ̀.” Rúkáyátù gbé agbọ̀n àkàrà rẹ̀, ó sì jáde kí Síkírù, tó ti wà níwájú àfáà, tó ráyè bá a. Ohun tó dúró sí i lọ́kàn ni pé Síkírù pè ní ojú òun kó fi tan òun jẹ, ó sì tún pè lẹ́yìn òun kó fi yọ òun. Bí èmi náà bá wà nípò rẹ̀, ohun tí màá gbà gbọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn fìdáù, Síkírù dé Ìkòròdú. Ọkùnrin gìdìgbà, ó jókòó sórí àga Bàbá Wáídì, ojú rẹ̀ pọ́n. Rónkẹ́ ní òun fi ránṣẹ́, ó fi ìka ẹ̀rí kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ojú mi ò tiẹ̀ ṣẹ́. Mo ní, “Wáyà ló gé. Iṣẹ́ kejì ò dé Ẹ̀pẹ́ rárá.”

Ọ̀gá bú Rónkẹ́ pé kò dúró kí ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ dé kó tó sá lọ sílé. Rónkẹ́ gbójú sókè. Ó kàn wò mí. Mo rò pé ó mọ̀, torí òun náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò lè pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. Ní ìparí oṣù yẹn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà a máa kọ gbogbo ohun tí èèyàn bá ṣe sínú ìwé kan tó ń tọ́jú pamọ́. Àṣẹ tí mo pa wà níbẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí. Mo pa ojú ewé yẹn rẹ́ kí Síkírù tó dé gáréèjì.

Kí Síkírù tó lọ, ó bẹ̀ mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni Ẹnjiníà. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu mi, kò ní gbà. Ẹ bá mi dé Agbówà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èmi.” Mo ní màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi Ọlọ́run búra fún un. Ó dúró dè mí ní gáréèjì Agbówà láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń kírun alásárì. Mo wà nílé, mo ń tún rédíò tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìbẹ̀rù kọ́ ni, kí ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó síwájú obìnrin yẹn, tó bá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, irọ́ wáyà yẹn ò ní dúró. Mo ní kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá ná. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Ẹ gbọ́, ẹ̀bi kì í gbó bí aṣọ. Ọ̀nà Agbówà ò jìn, mọ́tò ò sì wọ́n.

Mo pàdé Bàbá Wáídì lẹ́ẹ̀kan ní Benson, níbi tó ti ń dúró de mọ́tò. Ó ti rù. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ẹnjiníà, ọmọ méjìlá ni Alàájì Akankọ̀ bí. Mọ́kànlá ni mo rí lára ògiri. Ta ló kà á?” Ó tún un bi mí, ohùn rẹ̀ ò ga, bíi pé ó fẹ́ mọ̀ ni lóòótọ́. “Ta ló kà á?” Kọ́ńdọ́ ké “Ẹ̀pẹ́ wọlé,” ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó wọlé. Mi ò rí i mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ti lọ báyìí. Ilé ìtẹ̀wé ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì. Wáyà tẹlifóònù, àwọn olè ti gé e tà. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbọ́ ohùn ewúrẹ́ yẹn rí, wọn ò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ènìyàn kan á jókòó sórí àga kí ó máa dáhùn “Ó ń bẹ” fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀, ó ń lọ. Ẹ̀rọ yín dára ju tèmi lọ, mi ò bá a jà. Èmi ni mo la ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún wọn ní apá ibí, kò sì yẹ kí n máa na ìka sí ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín fi pósítà òkú kan hàn mí lórí fóònù. Síkírù ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ agbádá kékeré, mo wọ mọ́tò, mo lọ sí Agbówà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n nígbà míì, ìgbà tí òtítọ́ bá fi máa dé, ẹni tó ń retí rẹ̀ á ti sùn.

Mo bá Rúkáyátù lábẹ́ ìbòrí iwájú ilé rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó rò pé mo ṣìnà ni, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń wá?” Mo ní òun ni. Mo jókòó, mo sì sọ ọ́, láti orí iná tí kò sí, dórí nọ́mbà tó fi díẹ̀ jura lọ, dórí àṣẹ tí mo pa. Mi ò dárúkọ wáyà. Mi ò dárúkọ Rónkẹ́ mọ́ ẹ̀bi. Mo ní, “Èmi ni mo yọ orúkọ yín. Bùọ̀dá yín ò yọ ọ́.”

Ó ní, “Nígbà wo lẹ mọ̀?”

“Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá síbí,” ó ní. “Ìgbà kẹta, ó gbé Kùránì lọ́wọ́. Ó dúró síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ó ń búra. Mo wà nínú ilé, mò ń gbọ́ ọ. Mi ò ṣílẹ̀kùn.” Ó wo ọ̀nà. “Mi ò lọ síbi òkú ẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, èmi arúgbó yìí. Kò ní kí n dìde, kò sì bú mi. Ó wọlé lọ. Mo rò pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi bó ṣe tì í mọ́ Síkírù, mo ń wá bí màá ṣe gbé ara mi nílẹ̀. Ó jáde, omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ife dígí, ó fi àwo bò ó. Ó gbé e síwájú mi.

Ó ní, “Ẹ mu omi. Ọmọ Alàájì Akankọ̀ ni mí, bàbá wa ò kọ́ wa pé kí àlejò ti ilé wa lọ tòun ti òùngbẹ. Bí ẹ bá mu ún tán, ẹ máa lọ.”

Ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.